Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Súwẹ́tà Cashmere Tó Dára Rà Láìfi Owó Ṣòfò

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu ẹ̀yin òǹkàwé mi: "Ṣé èèyàn lè rí súwẹ́tà cashmere gidi rà láìjẹ gbèsè?" Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ohun tó máa ń kó ọ̀pọ̀ wa sí wàhálà ni pé, bí ọwọ́ wa bá ti kan aṣọ tó rọ̀, ọkàn wa ti gbà pé ó dára nìyẹn, a ó sì ti máa yọ owó. Inú rírọ̀ yẹn gan-an ni pańpẹ́ wà.

Súwẹ́tà cashmere tí mo kọ́kọ́ rà rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Mo wọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin péré, kóró irun ti bo abẹ́ abíyá rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìgúnpá rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá. Èkejì tí mo rà, àlòkù ni. Nígbà tí mo dì í mú, ó gbẹ díẹ̀ lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló sì kù kí n dá a padà sórí àtẹ. Òun ló ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí di òní, bí mo sì ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń rọ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo tẹ́ àwọn méjèèjì sórí tábìlì, tí mo yí inú wọn síta, ni mo tó mọ ohun tó yẹ kí n máa wò. Òun ni mo kọ síbí fún yín.

## Kí ló ń mú owó rẹ̀ lọ sókè?

Cashmere ni irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ irun líle ara ewúrẹ́ ilẹ̀ òtútù. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, irun yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í re, wọ́n á sì fi òòyà yà á kúrò. Tí wọ́n bá ti ṣa irun líle kúrò nínú rẹ̀ tán, ohun tó máa ń kù láti ara ewúrẹ́ kan lọ́dún kì í sábà ju gíráàmù 150 sí 200 lọ. Irun ewúrẹ́ kan kì í tó hun súwẹ́tà kan. Ṣáínà àti Mòǹgólíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Torí náà, bí wọ́n bá ń ta súwẹ́tà cashmere tuntun ní iye tí wọ́n ń ta ti acrylic (òwú àtọwọ́dá), ẹ yáa mọ̀ pé nǹkan kan ti dín níbẹ̀.

Ohun tó sì máa ń dín jù ni gígùn fọ́nrán. Ohun méjì la fi ń mọ cashmere tó dára: bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe tín-ín-rín tó, àti bó ṣe gùn tó. Èyí tó dára gan-an kì í ju máíkírọ́ọ̀nù 14 sí 16 lọ ní sísanra (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), gígùn rẹ̀ á sì tó mìlímítà 34 sí 36, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́nrán kúkúrú ní orí púpọ̀. Gbogbo orí wọ̀nyẹn ló ń yọ síta lára òwú. Bí aṣọ bá ti ń ha ara, wọ́n á lọ́ mọ́ra, wọ́n á di kóró.

Ẹni tó bá sì ní fọ́nrán kúkúrú lọ́wọ́ mọ ọgbọ́n tó lè dá. Wọ́n á fọ aṣọ náà ní àfọ̀jù nílé iṣẹ́, wọ́n á fi èròjà amáṣọrọ̀ sí i, títí irun rẹ̀ á fi hù síta bí irun ológbò. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí aṣọ tó máa rọ̀ tó o. Àmọ́ ẹ̀mí tó yẹ kí aṣọ náà fi pẹ́ lọ́wọ́ yín ni wọ́n ti fi ra rírọ̀ yẹn.

## Ẹ kọ́kọ́ ka lébẹ́ẹ̀lì

Kí ẹ tó jẹ́ kí ọwọ́ yín tàn yín, ẹ wá lébẹ́ẹ̀lì inú aṣọ náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ túmọ̀ sí nìyí:

- 100% cashmere: Èyí ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi hun aṣọ ló sọ, kò sọ pé fọ́nrán tó gùn ni.
- Cashmere blend: Àdàpọ̀ ni. Ẹ wo iye cashmere tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 5%, orúkọ lásán ni wọ́n ń tà fún yín.
- Cashmere feel, cashmere touch: Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí irun ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Acrylic tàbí polyester ni, òwú àtọwọ́dá sì ni méjèèjì.
- Pashmina: Ọ̀rọ̀ yìí nìkan kò fi dá wa lójú pé cashmere ni. Ẹ wo orúkọ fọ́nrán àti iye rẹ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀.
- Grade A: Olùtajà ló sábà máa ń fi oyè yìí jẹ ara rẹ̀. Ẹ bi í ní iye máíkírọ́ọ̀nù àti gígùn fọ́nrán.
- 2-ply: Òwú méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Ó dára, torí òwú ẹyọ kan tètè máa ń lu, aṣọ rẹ̀ sì lè lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. 4-ply nípọn ju 2-ply lọ, ìyẹn kò sọ pé ó sàn jù ú lọ.
- Made in Scotland, Made in Italy: Wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú níbẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe aṣọ ló sọ, kì í ṣe irú irun tí wọ́n fi ṣe é.

Òfin wà lẹ́yìn lébẹ́ẹ̀lì yìí láwọn ibì kan. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n bá pè ní cashmere kò gbọ́dọ̀ ju máíkírọ́ọ̀nù 19 lọ ní ìpíndọ́gba, fọ́nrán tó bá sì nípọn ju 30 lọ kò gbọ́dọ̀ kọjá 3% ìwúwo rẹ̀. Láwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, dandan ni kí wọ́n kọ orúkọ fọ́nrán àti iye ìdá rẹ̀ sára aṣọ. Bí aṣọ tuntun kò bá ní lébẹ́ẹ̀lì tó sọ nǹkan wọ̀nyí, ẹ fi sílẹ̀.

## Àyẹ̀wò ọwọ́: ìgbésẹ̀ mẹ́fà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú níbi iṣẹ́ yìí. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

1. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú súwẹ́tà náà, kí ẹ sì nà án sí ojú fèrèsé. Bí ẹ bá ń rí ìka yín kedere, tí àlàfo àárín ojú híhun rẹ̀ sì tóbi níbì kan ju ibòmíì lọ, wọ́n ti ṣahun òwú. Ẹ má ṣì í mú fún súwẹ́tà fẹ́lẹ́ tí wọ́n dìídì fi òwú tín-ín-rín hun: ojú tìyẹn máa ń ṣe déédéé láti òkè délẹ̀.

2. Ẹ fà á. Ẹ di etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwọ̀nba, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà. Ẹ ṣe bákan náà sí ẹnu apá rẹ̀. Aṣọ tó bá fẹ̀ tí kò padà ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe máa rí lọ́rùn yín lẹ́yìn oṣù kan nìyẹn.

3. Ẹ fi ìka rà á. Ẹ wá ibi tó fara sin nínú aṣọ náà, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rà á pọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ wo ibẹ̀. Bí irun bá ti ń kó jọ, tó ń di kóró, tàbí tó lẹ̀ mọ́ yín níka, kò sí ohun tí ẹ tún ń dúró wò níbẹ̀. Nínú gbogbo àyẹ̀wò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí ni mo fọkàn tán jù.

4. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé e sókè débi tí ojú aṣọ náà bá ojú yín dọ́gba. Ó yẹ kí ẹ rí irun kúkúrú tó bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, bí irun ara èso píìṣì. Bó bá jẹ́ irun gígùn ló ń nà síta jákujàku, tí ẹ kò fi rí ojú híhun mọ́, àfọ̀jù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

5. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ wo ibi tí apá ti so mọ́ ara. Súwẹ́tà tí wọ́n hun ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tó yẹ kó ní máa ń ní àmì kéékèèké tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, níbi tí wọ́n ti ń dín ojú híhun kù. Èyí tí wọ́n kàn gé bí aṣọ ọ̀pá, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀ pọ̀, kò ní àmì yẹn, ojú rírán rẹ̀ sì máa ń ga. Ẹni tó bá fara balẹ̀ hun aṣọ báyìí kì í sábà lo òwú burúkú.

6. Ẹ fi kan ọrùn yín. Ìka ọwọ́ ti yi jù láti mọ èyí tó ń yún ni. Ọrùn kì í purọ́.

Ìkìlọ̀: bí aṣọ bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi pé wọ́n fi òróró pa á, ẹ rọra ṣe. Cashmere tó dára lè gbẹ díẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á máa rọ̀ bí ẹ bá ṣe ń wọ̀ ọ́, tí ẹ sì ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Irun funfun ló níye lórí jù, torí ó ń gba aró àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ dúdú ń fẹ́ aró púpọ̀, aró púpọ̀ sì máa ń mú kí fọ́nrán le díẹ̀. Bí ẹ bá rí irú súwẹ́tà kan náà ní dúdú àti ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fọwọ́ kan méjèèjì kí ẹ tó mú ọ̀kan.

## Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ rà á

Ọwọ́ yín kò lè débẹ̀, torí náà ẹnu lẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ̀wé sí olùtajà kí ẹ tó sanwó:

> "Ẹ jọ̀ọ́, máíkírọ́ọ̀nù mélòó ni fọ́nrán súwẹ́tà yìí? Báwo ló ṣe gùn tó? Ṣé 2-ply ni? Gíráàmù mélòó ló wọ̀n? Ṣé ẹ lè fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àti abẹ́ apá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi?"

Ẹni tó mọ ohun tó ń tà á dáhùn. Kì í ṣe gbogbo olùtajà rere ló máa mọ iye máíkírọ́ọ̀nù, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún lówó. Ìwọ̀n gíráàmù wúlò gan-an: bí súwẹ́tà méjì bá jọ ara wọn, tí wọ́n jẹ́ sáìsì kan náà, èyí tó wúwo jù ni òwú pọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ ka òfin ìdápadà wọn tán pátápátá. Bí aṣọ bá dé, ẹ má ya káàdì ara rẹ̀ dànù. Ẹ ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lókè yìí lójú fèrèsé yín lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì dá a padà láìtijú bí kò bá yege.

Bí ẹ bá fura pé kì í ṣe irun rárá: súwẹ́tà mìíràn máa ń ní òwú àfikún nínú ọ̀rá kékeré kan. Ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú irin dì í mú lórí àwo, kí omi wà nítòsí, kí àwọn ọmọdé má sì sí níbẹ̀. Ẹ fi iná kàn án. Irun á jó díẹ̀díẹ̀, á rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ á sì rún bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tutù. Acrylic àti polyester á yọ́ bí ọ̀rá, wọ́n á sì di kókó líle. Iná kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín irun ewúrẹ́ àti irun àgùntàn o. Òórùn kan náà ni wọ́n ń rùn.

## Ìgbà tí owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀

Súwẹ́tà kan náà tí wọ́n ń fi owó gọbọi tà nígbà tí òtútù ń bọ̀, ìparí òtútù ni wọ́n máa ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀. Ní ìhà àríwá ayé, oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ni. Ní ìhà gúúsù, oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ni. Àwọ̀ tí kò wọ́pọ̀ ló máa ń kù sílẹ̀ jù, àwọn ló sì máa ń gba ẹ̀dínwó tó tóbi jù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ yìí fúnra wọn náà máa ń ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àṣẹ́kù, irú èyí tó wà nílùú Elgin àti Hawick ní Scotland.

Ẹ má sì gba "iye àtijọ́" tí wọ́n fa igi lé gbọ́. Ẹ yan súwẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí ọkàn yín fẹ́ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, kí ẹ sì máa padà lọ wò wọ́n. Bí ẹ̀dínwó bá dé, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

## Àlòkù: ibi tí mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ

Bí owó bá ṣe kókó fún yín, ẹ wá òkìríkà lọ. Súwẹ́tà cashmere tí ẹnì kan ti wọ̀ fún ọdún márùn-ún, tí kò di kóró, tí kò sì fẹ̀, ti yege ìdánwò tí kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó lè ṣe fún yín. Ìyẹn ni tèmi tó gbẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́sí ń sọ fún mi, tí mi ò tètè gbọ́.

1. Ẹ wá a dáadáa. Lórí eBay tàbí Vinted, àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ẹ tẹ "100% cashmere", kí ẹ tún tẹ àṣìkọ rẹ̀ bíi "cashmire" àti "kashmere". Ẹni tó ṣi orúkọ ọjà rẹ̀ kọ kì í rí oníbàárà púpọ̀.
2. Ẹ má gba sáìsì gbọ́, ẹ lo téèpù. Ẹ tẹ́ súwẹ́tà kan tó bá yín mu sílẹ̀, ẹ wọn ìbú rẹ̀ láti abíyá sí abíyá, gígùn ara rẹ̀ àti gígùn apá rẹ̀. Ẹ bèèrè fún ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ́wọ́ olùtajà.
3. Ẹ wò ó bóyá ó ti sún kì. Aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ máa ń ki bí ẹní, ojú híhun rẹ̀ á pa pọ̀ mọ́ra, kò sì ní nà. Kò sí àtúnṣe gidi fún un.
4. Ẹ wá ihò. Ẹ gbé gbogbo ara rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé: iwájú, ẹ̀yìn, apá méjèèjì, abẹ́ ọrùn. Ihò kan bí orí abẹ́rẹ́ ṣeé tún hun, ó sì lè jẹ́ kí ẹ ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Bí ihò bá ju mẹ́ta lọ, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti jẹun níbẹ̀.
5. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ aṣọ yín. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyin kòkòrò tó ń jẹ aṣọ kì í tètè hàn sí ojú. Ẹ dákun, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Súwẹ́tà ẹyọ kan lè ba gbogbo àpótí aṣọ jẹ́. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán kí ẹ tó tú ọ̀rá náà.

Kóró díẹ̀ lábẹ́ apá kò yẹ kó lé yín sá. Cashmere tó dára pàápàá máa ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín bóyá aṣọ abẹ́ kóró náà ṣì nípọn. Bó bá ṣì nípọn, òòyà súwẹ́tà á ṣa kóró yẹn kúrò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù

- Kí ẹ ra mẹ́ta tó pọ́ọ́kú dípò ẹyọ kan tó dára.
- Kí ẹ rò pé bí owó rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti ìpolówó wà nínú owó yẹn.
- Kí ẹ mú èyí tó tóbi díẹ̀ nítorí pé òun ló kù. Cashmere kì í sún kì sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́; bó bá máa sún kì, á bàjẹ́ ni.
- Kí ẹ máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ fún un ní ìsinmi ọjọ́ kan, ó kéré tán, kí fọ́nrán rẹ̀ lè padà sípò.

## Bí owó kò bá tó

Merino tó tín-ín-rín dára ju cashmere burúkú lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Irun àgùntàn ni, ó ń móoru, kì í tètè di kóró bíi cashmere burúkú, owó rẹ̀ sì kéré. Irun yak, ẹran kan tó jọ màlúù nílẹ̀ òtútù, náà rọ̀, ó sì ń pẹ́. Baby alpaca, ìyẹn irun alpaca (ẹran kan tó jọ ràkúnmí kékeré) tó fẹ́lẹ́ jù, ń móoru gan-an, àmọ́ ó máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, torí náà ẹ má fi kọ́. Àdàpọ̀ irun àgùntàn tó dára àti cashmere 10% sí 30% náà kò burú, bí wọ́n bá ti kọ iye rẹ̀ síta, tí kò sì sí acrylic níbẹ̀.

## Ìfọ̀ àkọ́kọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó tí wọ́n ti fara balẹ̀ ṣọ́ ná.

1. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ po ọṣẹ irun àgùntàn tàbí ṣampú ọmọ ọwọ́ sínú omi tútù tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 30°C lọ. Ẹ yẹra fún ọṣẹ ìfọṣọ tó ní enzyme: èyí tí wọ́n fi ń jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin á jẹ irun náà.
2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ẹ má bó o, ẹ má gún un.
3. Ẹ ṣàn án nínú omi tí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ní títutù. Ẹ má fún un bí ẹni fún aṣọ inúlé.
4. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì gbígbẹ, ẹ ká a pọ̀ bí ẹní, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí omi lè fà.
5. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì mìíràn, kí ẹ fọwọ́ tún un ṣe sí ìwọ̀n tó ní kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Kí oòrùn má kàn án, kó má sì sún mọ́ iná.
6. Bó bá gbẹ, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tó ṣeé dé pa. Ẹ má fi hángà kọ́ ọ. Ìwúwo rẹ̀ á fa èjìká rẹ̀ yọ bí ìwo.